Ẹ Pe Lọ́yà Kí Ẹ Tó Ka Owó: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Ra Ilẹ̀ Tàbí Tó Ń Ta Ilé ní Ìwọ̀-Oòrùn Kogí

"Sà, ẹ bá wa kọ àgírímẹ́ǹtì. A ti sanwó."

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn débi pé mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà ni mí ní Kàbà. Èmi ni mò ń tẹ ìwé, èmi ni mò ń gbé fáìlì lọ sí Lọ́kọ́ja, èmi náà ni mò ń di tépù mú nígbà tí ọ̀gá mi bá lọ wo ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ní òun ti sanwó, ọ̀gá mi kì í bá a wí. Á fa ìjókòó fún un, á ní kó mú rìsíìtì wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ewé kan tí wọ́n ya látinú ìwé ọmọ iléèwé ni rìsíìtì ọ̀hún: orúkọ èèyàn méjì, iye owó, ìtẹ̀ka kan tí yíǹkì rẹ̀ ti fọ́n. Kò sí ìwọ̀n, kò sí ààlà. "Ilẹ̀ tó wà lọ́nà Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn afárá." Afárá wo?

Lọ́yà tẹ́ ẹ bá pè lẹ́yìn tí owó ti jáde lọ́wọ́ yín, ìwé nìkan ló kù tó lè bá yín kọ. Èyí tẹ́ ẹ bá pè ṣáájú lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má rà á. Èyí kejì yìí ni iṣẹ́ tó tó owó tẹ́ ẹ máa san fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ń tẹ̀ lé e ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ bó ṣe máa ń wáyé gan-an, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi wá lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń pè ní lọ́yà

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní ìlú ọba máa ń béèrè lọ́wọ́ wa pé, "Níbo ni lọ́yà ilẹ̀ wà?" Lọ́hùn-ún, àwọn kan wà tí wọ́n ní ìwé àṣẹ fún ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ nìkan. Ní Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò lè lọ sí kóòtù, ó sì lè kọ ìwé ilẹ̀. Àmọ́ pé ó lè ṣe é kò sọ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ bi í léèrè iye ìgbà tó ti bá èèyàn gba ìyọ̀ǹda gómìnà ní Lọ́kọ́ja, àti bóyá ó ti ra ilẹ̀ ẹbí fún ẹnì kan rí ní agbègbè tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà. Lọ́yà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀daràn lè gba yín lọ́wọ́ ọlọ́pàá, kó má sì mọ ìyàtọ̀ láàárín Dáwódù àti olórí ẹbí.

Òfin tó ń darí iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó kọ ìwé tó ń gbé ilẹ̀ látọwọ́ ẹnì kan lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà ọ̀gbẹ́ni tó ń tẹ àgírímẹ́ǹtì ní ilé kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó ń yí orúkọ padà sórí ìwé kan náà fún gbogbo èèyàn, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ti ní kí òǹtẹ̀ pélébé tó ní orúkọ lọ́yà wà lára ìwé tó bá fọwọ́ sí. Ẹ wò ó. Ẹ tún béèrè nọ́ńbà tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fún un, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SCN. Ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú màgòmágó kì í bínú tí wọ́n bá béèrè rẹ̀.

Ṣé lọ́yà kan ṣoṣo lè ṣojú fún olùtà àti olùrà? Ejẹ́ǹtì á sọ fún yín pé ó ń dín owó kù. Èrò tèmi ni pé ẹ má gbà. Ní ọjọ́ tí olùtà bá fẹ́ fi ohun kan pamọ́, ta ni lọ́yà yẹn fẹ́ sọ ọ́ fún? Olùtà ní lọ́yà tirẹ̀, olùrà ní tirẹ̀, kálukú sì ń sanwó tirẹ̀.

Lórí owó iṣẹ́, ìjọba gbé ìlànà tuntun jáde ní 2023 lórí iye tí lọ́yà gbọ́dọ̀ máa gbà lórí irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní àdúgbò, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ra ilẹ̀ ni ẹnu àwọn èèyàn máa ń dà lé. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: èyí ni owó iṣẹ́, èyí ni owó ìwádìí, èyí ni owó ìrìn àjò, èyí ni owó tí ìjọba ń gbà. Ìjà tó máa ń wáyé láàárín lọ́yà àti oníbàárà kì í sábà jẹ́ lórí owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Orí "àwọn owó kéékèèké" tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà tẹ́lẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ló ni ilẹ̀?

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́ jù lọ́dọ̀ wa. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Bùnú, láti Ìṣánlú dé Ìyàrà, ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù, kò sì ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Baba ńlá kan ló ro ó, àwọn ọmọ rẹ̀ pín oko ṣùgbọ́n wọn ò pín ilẹ̀. Tunde ń dá iṣu sí apá ibí, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ń gbin kòkó sí apá ọ̀hún, kálukú ń sọ pé "oko mi." Lójú òfin, oko rẹ̀ ni, kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀. Bákan náà, bí bàbá kan bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọmọkùnrin, ni olórí àwọn ọmọ náà. Kò túmọ̀ sí pé òun nìkan ló ni ín.

Ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé yòókù fọwọ́ sí i, títà náà dúró títí àwọn yẹn á fi lọ sí kóòtù láti fọ́ ọ, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. Bí àwọn àgbà ìdílé bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni látìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ bá tà á bíi pé ogún tirẹ̀ nìkan ni, òfo ni bákan náà. Fún olùrà, èyí tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí olórí ẹbí wà níbẹ̀, kí aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹ̀ka mélòó ló wà? Ohun tí ọ̀gá mi máa ń béèrè rọrùn: "Ìyàwó mélòó ni bàbá tó ni ilẹ̀ yìí ní? Ìdí-igi ni ẹ̀ ń pín ni, àbí orí-ò-jorí?" Bí wọ́n bá ń pín ní ìdí-igi, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, gbogbo ọmọ ló kàn. Lẹ́yìn náà á tún béèrè àwọn ọmọbìnrin tó ti relé ọkọ, torí àwọn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, àwọn gan-an ló sì sábà máa ń ní ọmọ tó kàwé tó lè gbé ẹjọ́ lọ.

Mo rántí ọjọ́ kan ní Ìjùmú. Ilẹ̀ pílọ́ọ̀tì mẹ́rin ni, wọ́n ti fa obì yọ, bàbá olórí ẹbí ti múra, fìlà rẹ̀ wà lórí. Ọ̀gá mi ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ ìyá kejì. Ojú bàbá yí padà.

"Lọ́yà, ṣé ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni?"

"Bàbá, ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Kàdúná ni mi ò tíì rí."

Wọ́n pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n fi sí sípíkà. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan gbé e. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: "Ilẹ̀ wo lẹ fẹ́ tà? Èyí tí wọ́n ti tà ní ọdún tó kọjá?" Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ bàbá kan ló ti gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Olùrà wa kó owó rẹ̀ padà sínú báàgì, ó ra obì mìíràn fún bàbá, a sì wọ mọ́tò padà sí Kàbà. Kò sí ìwé kankan tí a kọ lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ òun ló sanwó iṣẹ́ wa tayọ̀tayọ̀ jù lọ́dún yẹn.

Bí olùtà bá sọ pé bàbá òun tàbí ọkọ òun tó ti kú ló ni ilé, ẹ béèrè ìwé àbójútó ogún tí Ilé Ẹjọ́ Gíga fún un, tàbí ìwé ìhágún tí kóòtù ti fọwọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé ó ra ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni, ẹ ní kó mú ìwé tó fi rà á àti ìwé ẹni tó tà á fún un wá, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí dé ibi tó ti jáde látọwọ́ ẹbí. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n yá ẹnì kan ní ilẹ̀ náà láti dá oko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é kó wá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò lè ta ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ fún yín lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tẹ ilẹ̀ náà

Ẹ má rà á lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ lára wa wà ní Àbújá, Èkó àti Kàdúná, àìráyè sì ń bẹ. Ẹ fi ẹlòmíràn ránṣẹ́ tó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó jẹ́ tiyín fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ náà pẹ̀lú lọ́yà àti awọnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó bá yín pààlà wà níbẹ̀. Pẹ̀rẹ́gún tó wà létí ilẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ tí ìwé kò lè sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń tà á fún yín ò mọ orúkọ ẹni tó wà lápá òsì, ẹ fura. Awọnlẹ̀ tó níwèé àṣẹ ni kó wọn ọ́n, kì í ṣe ẹni tó kàn ní tépù. Á gbin òpó sí igun kọ̀ọ̀kan, á ya ìwé sọ́fè tó ní nọ́ńbà ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé, ẹ ó sì lè fi nọ́ńbà yẹn wò ó ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ ìjọba bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wà létí títì ìjọba àpapọ̀, bíi ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Kàbà, ẹ rántí pé mítà 45 ó lé díẹ̀ láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ti ìjọba. Mo ti rí ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀. Kò kọ́ èyí tó máa jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn igi náà ńkọ́? Ìbéèrè yìí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ra ilẹ̀ nítòsí ìlú wa, inú rẹ̀ dùn gan-an pé igi kajú ogún ló wà lórí rẹ̀. Ó di oṣù kejì ọdún, kajú ti pọ́n, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ìyá àgbà kan dé pẹ̀lú agbọ̀n, ó kí i dáadáa, "Òkun o, ọmọ mi," ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń já kóró kúrò lára èso, ó ń jù ú sínú agbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mọ́mì, mo ti ra ibí." Ìyá ò dìde. Ó ní, "Ẹ ra ilẹ̀. Ọkọ mi ló gbin kajú." Nínú àṣà wa, ẹni tó gbin igi ló ni igi, kódà bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi tún sanwó kajú náà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó máa gbà ju kí ìwé rẹ̀ sọ gbólóhùn kan: ilẹ̀ àti gbogbo igi tó wà lórí rẹ̀, àti pé àwọn tó gbìn ín ti gbowó tiwọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwádìí ní ọ́fíìsì àti ní kóòtù

Bí ilẹ̀ bá ní C of O tàbí ìwé mìíràn tí wọ́n ti fi orúkọ sílẹ̀, lọ́yà yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, yóò sanwó ìwádìí, yóò sì wo fáìlì fúnra rẹ̀: ṣé orúkọ olùtà ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n fi ilẹ̀ náà yáwó ní báǹkì, ṣé ẹnì kan ti kọ̀wé tako títà rẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀dà tí olùtà bá fún yín lásán. C of O fúnra rẹ̀ kì í wẹ ilẹ̀ mọ́. Bí ẹni tó gbà á kò bá lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kóòtù lè fagi lé e.

Bí ilẹ̀ kò bá ní ìwé kankan, fáìlì Lọ́kọ́ja kò ní sọ nǹkan. Ẹ máa gbára lé ẹnu àwọn àgbà àti ìgbésẹ̀ kejì tí mo ti sọ. Àmọ́ kóòtù yàtọ̀. Ẹ ní kí lọ́yà wo ìwé ẹjọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà nítòsí, àti ní àwọn kóòtù kéékèèké tó wà níbi tí ilẹ̀ náà wà. Ẹni tó ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ ń lọ lórí rẹ̀ ra ẹjọ́ náà mọ́ ọn; ohun tí kóòtù bá dá lórí olùtà ló dá lórí rẹ̀.

Kóòtù ní ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ náà bí olówó rẹ̀ ṣe ń lo tirẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti jíjẹ́ ẹni tó ni ilẹ̀ tó yí i ká. Lọ́yà tó bá mọ̀ yẹn á bi olùtà ní ìbéèrè lórí gbogbo rẹ̀, kì í ṣe lórí ìwé nìkan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Lọ́yà olùtà ló sábà máa ń kọ ìwé àdéhùn àkọ́kọ́: iye owó, ọjọ́ tí gbogbo owó máa pé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́. Lọ́yà olùrà ló máa kọ díìdì tó ń gbé ilẹ̀ náà wá sọ́wọ́ olùrà. Bí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi parí gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Owó àsansílẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sọ́wọ́ ejẹ́ǹtì. Bí lọ́yà bá di owó yín mú, inú àkáǹtì tó yà sọ́tọ̀ fún owó oníbàárà ni kó wà, òfin ló ní bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dà á pọ̀ mọ́ owó tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé ó ń dì í mú fún ẹ̀yin méjèèjì, títí gbogbo nǹkan á fi pé. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń gbà á fún olùtà nìkan, olùtà lè ní kó kó owó náà fóun ní ọjọ́ kejì.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ràn owó nínú àpò Gánà, ẹ forí jì mí. Òfin tó ń dènà fífọ owó ẹ̀gbin, èyí tí wọ́n ṣe ní 2022, kò gbà kí ẹnì kan san owó ọwọ́ tó ju mílíọ̀nù 5 lọ láìgba báǹkì, mílíọ̀nù 10 sì ni fún iléeṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ báǹkì, kí ẹ sì kọ ohun tí owó wà fún sí i. Àkọsílẹ̀ báǹkì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ lójú adájọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí i

Lójú àṣà, ohun mẹ́ta ló ń mú kí títà ilẹ̀ dúró: owó ti pé, olùtà ti fi ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́, àwọn ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe inú yàrá lọ́yà nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ parí rẹ̀. Ẹ lọ sórí ilẹ̀, kí olórí ẹbí tọ́ka sí ààlà, kí wọ́n gbàdúrà, kí ẹnì kan fi fóònù ya fídíò rẹ̀.

Bí olùtà kò bá mọ̀wé, kí ẹnì kan ka gbogbo díìdì náà fún un ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka. Kì í ṣe Yorùbá ìwé ìròyìn nìkan, Yàgbà bó bá jẹ́ Yàgbà, Bùnú bó bá jẹ́ Bùnú. Lábẹ́ ìwé náà, kí wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n kà á, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ó yé e dáadáa kó tó tẹ̀ka, kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbẹ̀. Mo ti ka díìdì fún ìyá kan ní Mọ̀pà rí, mo dé ibi tí a ti kọ ìwọ̀n ilẹ̀, ó dá mi dúró: "Ẹ dúró. Ẹ̀ ń kó ilẹ̀ iléèwé mọ́ ọn." Òótọ́ ni. Awọnlẹ̀ ti gba igun kan kọjá. Ká ní a kàn ní kó tẹ̀ka ni, iléèwé ni olùrà á máa bá ṣẹjọ́.

Fótò kéékèèké gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i ni ká lẹ̀ mọ́ ìwé náà. Ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan lára wọn jẹ́ ẹni tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, torí àwọn àgbà ń lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn tí ìdùnnú ti tán

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dáwọ́ dúró, wọ́n gbé díìdì sínú àpótí, wọ́n ń kọ́lé. Ìṣòro ni. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bí ilẹ̀ bá wà níbi tí ìjọba kà sí ìlú, títà rẹ̀ nílò ìyọ̀ǹda gómìnà. Bó bá wà ní abúlé, ìjọba ìbílẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún sọ nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989 pé kódà ilẹ̀ tí ẹnì kan ti ní kí òfin yẹn tó dé nílò ìyọ̀ǹda náà. Láìsí i, díìdì yín kò gbé ilẹ̀ wá sọ́wọ́ yín pátápátá.

Ètò rẹ̀ ni pé kí ẹ lu òǹtẹ̀ owó-orí sí díìdì, kí ẹ má jẹ́ kó kọjá ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ sì fi orúkọ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja. Òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, nítorí náà ẹ bi lọ́yà yín iye tó kàn yín lónìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ilé tẹ́ ẹ sì jèrè lórí rẹ̀. Ẹ má lo ohun tí ọ̀rẹ́ yín san ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

"Ó máa gbà mí tó oṣù mélòó?" Ìwádìí àti ìpàdé ẹbí lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ìyọ̀ǹda àti ìforúkọsílẹ̀ lè gba oṣù púpọ̀, lọ́yà tó bá sì ṣèlérí ọ̀sẹ̀ méjì fún yín ti ń parọ́ fún yín kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà

Ẹ̀yin náà nílò lọ́yà. Ẹ má gbé ojúlówó ìwé yín fún ẹnikẹ́ni tó ní òun fẹ́ lọ fi hàn ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má fọwọ́ sí díìdì kí owó tó wọlé, kì í ṣe kí ẹnì kan fi àwòrán tíráńsífà hàn yín lórí fóònù. Ẹ pe báǹkì. Ẹ sì sọ gbogbo àbùkù ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ̀ fún lọ́yà yín kí olùrà tó bá a pàdé, kó lè mọ bó ṣe máa kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi

Wọn á ní kẹ́ ẹ fi ìwé àṣẹ ìṣojú (power of attorney) ránṣẹ́ sí àbúrò yín kó lè rà á tàbí kó tà á lórúkọ yín. Ó dára, àmọ́ ẹ mọ ohun tó jẹ́. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara ní 1993 pé ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣojú fún ẹlòmíràn ni. Bí olùtà bá fún yín ní ìwé àṣẹ nìkan dípò díìdì, kò tíì tà á fún yín. Kí lọ́yà tẹ́ ẹ bá gbà jẹ́ tiyín gan-an, kó máa dá yín lóhùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe nípasẹ̀ àbúrò. Mo kọ èyí lẹ́yìn tí mo ti rí ilé ọ̀pọ̀ àbúrò tó ga ju ti ẹ̀gbọ́n wọn lọ.

Bí lọ́yà fúnra rẹ̀ bá ṣe yín ní ìkà

Kó gbé owó yín, tàbí kó fi ìwé yín pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, ẹ ní kó fèsì ní ọjọ́ tẹ́ ẹ dá. Bí kò bá dáhùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka NBA tó wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé ọ̀rọ̀ dé ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn agbẹjọ́rò, tó lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ owó ni ó kó lọ, ọlọ́pàá náà wà. Ẹ kó gbogbo ìwé, rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp jọ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ to wọ́n ní ọjọ́ sí ọjọ́. Ìwé tó bá ti létòlétò máa ń jẹ́ kí wọ́n tètè gbọ́ yín.